Bí O Ṣe Lè Dá Sítúdíò Ìlù Sílẹ̀ ní Kugbo Kí Oṣù Tó Parí

O ti pinnu pé inú yàrá rẹ ní Kugbo ni wàá ti máa gba ìlù dùndún sílẹ̀. Ìpinnu gidi ni. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti fẹ́ kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní 1922, Lọ́ńdọ̀nù ló rìn dé. Ìwọ ò ní ju bọ́ọ̀sì Nyanya lọ. Kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ rẹ, o sì ti wo fídíò nípa bí àwọn òyìnbó ṣe ń gba ìlù tiwọn sílẹ̀. Kò ku nǹkan kan mọ́ ju pé kí o máa tẹ̀ lé mi lọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Gba yàrá tó tọ́

Ọjà àga ni Kugbo fi gbajúmọ̀ ní Àbújá. Bí o bá ti ìkóríta AYA ń bọ̀ lójú títì Nyanya, o ò ní béèrè ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀dì, àga ìjókòó, tábìlì oúnjẹ àti wọ́dúróòbù ni yóò kí ọ káàbọ̀. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn káfíńtà ti ń la pákó, tí wọ́n ń fá a, tí wọ́n ń kan án nísòó, àwọn mẹkáníìkì náà kò sì jìnnà. Àárín wọn gan-an ni kí o gbé sítúdíò rẹ sí. Ta ló fẹ́ máa fowó ọkọ̀ ṣòfò nígbà tí pákó àti fóòmù wà lẹ́nu ọ̀nà?

Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀rọ ìfági ni kí o mú. Bí onílé bá fi yàrá ẹ̀yìn hàn ọ́, èyí tó fẹ̀yìn ti àpáta, tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí ariwo títì kì í dé, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì kọ̀ ọ́. Nẹ́tíwọ̀kì kò dáa níbẹ̀. Àti pé oníbàárà kò ní rí pátákó rẹ láti títì.

Rí i pé yàrá náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kó fẹ̀ ní mẹ́wàá, kó sì ga ní mẹ́wàá. Ó dùn ún wò, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, ní nǹkan bí 56 Hz, ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láti ògiri dé ògiri, láti ilẹ̀ dé òrùlé, tí kò ní mọ ọ̀nà ilé. Iná ìjọba náà ń fi 50 Hz hùn nínú wáyà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Aládùúgbò ni wọ́n, wọn yóò mọwọ́ ara wọn.

Bí ó bá jẹ́ páànù lásán ló wà lókè láìsí síìlìn, má ṣe jẹ́ kí yàrá náà bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Òjò kò ní gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Pátákó

Ṣe pátákó kí o tó ra ohunkóhun. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọn ò sọ pé etí. Ya máìkì aláwọ̀ wúrà sápá ọ̀tún, ya ìlù òyìnbó sápá òsì, kí o kọ “International” sáàárín. Má ya gángan. Wọ́n á rò pé ìgbéyàwó lò ń ṣe níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fóòmù

Ibí ni owó wà, nítorí náà fara balẹ̀. Tọ àwọn tó ń fi fóòmù sí àga lọ, kí o ra gbogbo èyí tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀, yálà pupa ni o, yálà aláwọ̀ ewé ni o. Má sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe fún wọn, kí wọ́n má baà gbà ọ́ nímọ̀ràn. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ibi tí fóòmù bá tán sí, kíréètì ẹyin ni kí o fi parí rẹ̀. Kíréètì kan, ẹyin 30. Ògiri kan nínú yàrá rẹ yóò gbà tó 100 kíréètì, ìyẹn ẹyin 3,000. Pe àwọn ẹbí rẹ.

Iṣẹ́ tí fóòmù yóò ṣe fún ọ rèé. Yóò gbé ohùn ṣaworo mì. Yóò gbé ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mì. Yóò gbé bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń já lu awọ mì. Ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni kò ní fọwọ́ kàn, torí fóòmù àga kò nípọn tó láti mú irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ní ti ariwo ìta, kò sí ìjà láàárín fóòmù àti ariwo. Ohun tó bá wúwo ló ń dá ariwo dúró: ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀kùn pákó gidi, rọ́bà tó dí etí ilẹ̀kùn yí ká. Fóòmù fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ìfági yóò sì gba inú rẹ̀ kọjá wọlé tọ̀ ọ́ wá. Bí kò bá fẹ́ gba ibẹ̀, àlàfo ìka mẹ́ta wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Fi àlàfo náà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣe pàtàkì fún ìlera.

Ó ṣeé ṣe kí àgbà káfíńtà kan yọjú lójú fèrèsé, kó wò ọ́ títí, kó wá sọ pé: “Ọ̀gá mi, ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ná. Ẹ gbé wọ́dúróòbù méjì sí kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ kó aṣọ kún un, kẹ́ ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn sílẹ̀. Ẹ wá pàtẹ́wọ́ kẹ́ ẹ gbọ́.” Rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́dúróòbù ló ń tà, kí ni ì bá tún sọ? Dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ẹ ṣé, Bàbá. Sítúdíò là ń ṣe, kì í ṣe yàrá ìyàwó.”

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Iná

Ìjọba ti ní kí ẹni tó bá wà ní Band A, ìpele iná tó ga jù, máa rí iná wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán. Má béèrè Band tí ìwọ wà, kí ọkàn rẹ má baà dà rú. Ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, kí o gbé e síta lábẹ́ fèrèsé sítúdíò. Ibẹ̀ ni wàá ti máa gbọ́ bí epo bá fẹ́ tán. Ẹnì kan lè sọ pé ínfátà àti bátìrì kan ti tó fún kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú máìkì méjì, pé kì í sì í pariwo. Ohun tó burú nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn. Báwo ni àdúgbò yóò ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Máìkì, àti ihò tí kò sí

Pe àwọn onílù. Wàá rí wọn ní Nyanya tàbí Mararaba. Òde ti gba ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ wọn, nítorí náà dá ọjọ́ Ajé fún wọn, aago mẹ́jọ òwúrọ̀, nígbà tí gbogbo Nyanya bá ń gba ojú títì kan náà lọ sí ibi iṣẹ́. Bí wọ́n bá dé ní aago mọ́kànlá, bínú.

Wọn yóò kó ìyáàlù dé pẹ̀lú ṣaworo lọ́rùn, kẹríkẹrì, ìsaájú, gángan àti gúdúgúdú tó ní ìda lójú. Wọ́n á ní kí o jẹ́ kí àwọn sá ìlù sóòrùn díẹ̀, torí ọ̀rinrin ti mú kí awọ dẹ̀. Sọ fún wọn pé ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú ilé. Ra jẹnẹrétọ̀ kejì, kí o jáde lọ tàn án fún un.

Ó yá, ṣí fídíò rẹ. Òyìnbó inú rẹ̀ ní inú ìlù ńlá ni kí a ki máìkì bọ̀, láti ojú ihò tó wà níwájú rẹ̀. Yí ìyáàlù síhìn-ín. Yí i sọ́hùn-ún. Awọ ló wà lójú kìn-ín-ní, awọ ló wà lójú kejì, igi ọ̀mọ̀ wà láàárín, ọṣán bò ó yí ká. Kò sí ihò. Má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dá ọ lọ́wọ́ kọ́. Kugbo lo wà, ìwọ àti dírílì kò jìnnà síra. Pe ọmọṣẹ́ káfíńtà kan, kí o fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí ibi tí yóò lu.

Bàbá tó ni ìyáàlù yóò gba ìlù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ jẹ́jẹ́, yóò gbé e kọ́ èjìká. Yóò wò ọ́. Yóò wo fóòmù lára ògiri. Yóò wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà yóò fún ọṣán, yóò fi kọ̀ǹgọ́ sọ gbólóhùn kan, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Àwọn omele yóò gbè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gúdúgúdú yóò bọ́ sí i, wọn yóò máa wo ara wọn, ẹ̀rín yóò sì pa ẹni tó di kẹríkẹrì mú débi pé yóò fara ti fóòmù. Inú wọn dùn sí iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ní àsìkò yẹn, àwọn káfíńtà á ti lọ jẹun, epo jẹnẹrétọ̀ méjèèjì á ti tán, ẹyọ máìkì kan tí o kò tíì rí ibi so sí á sì wà lórí àga lọ́ọ̀ọ́kán, tí bátìrì kọ̀ǹpútà ń gbé. Sáré tẹ̀ ẹ́, kí o gbà á sílẹ̀. Pe fáìlì náà ní “Àyẹ̀wò Máìkì”. A máa lò ó.

Wàyí o, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. Máìkì Shure SM57 ti wà lọ́jà láti 1965, ẹyọ kan lè gba ìlù kan láìsí wàhálà, nítorí náà mẹ́jọ á gbà á dáadáa ní ọ̀nà mẹ́jọ. Gbé ọ̀kan sí ìka méjì sí awọ, òmíràn sí apá kan, òmíràn sẹ́yìn onílù. Nǹkan bí mítà 343 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ìró kan náà yóò dé ọ̀dọ̀ máìkì yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyẹn. Bí o bá da gbogbo wọn pọ̀, wọn yóò máa jẹ ara wọn, ohùn ìyáàlù yóò wá rù. Tó bá ti rù, fi máìkì kẹsàn-án kún un.

Ìṣòro kan ṣoṣo tó kù ni pé onílù kì í dúró sójú kan. Á sún mọ́ ẹni tó ń kì, á tẹ̀, á yí. Máìkì kì í yí. Nítorí náà ra àga olápàá méjì lọ́jà, èyí tí wọ́n fi igi líle ṣe, kí o gbé bàbá náà jókòó sínú rẹ̀. Apá àga yóò há a mọ́ra débi pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ní ráyè fún ọṣán. Ìlù tí wọn ò fún ọṣán rẹ̀ kò lè gòkè, kò lè sọ̀. Iṣẹ́ ti dín kù nìyẹn ní ìgbésẹ̀ keje.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn Paul McCartney fún ènìyàn ní irú àsìkò yìí: pé ó wá sí Èkó ní 1973 láti ṣe àwo Band on the Run, pé sítúdíò EMI tó bá ní Apapa kò ní ju ẹ̀rọ ọ̀nà mẹ́jọ kan lọ, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé nígbà tó yà sí sítúdíò ARC tí Ginger Baker kọ́ sí Ikeja, agolo tí wọ́n rọ òkúta wẹ́wẹ́ sí ni Baker mì fún un nínú orin kan. Baker fúnra rẹ̀, ọ̀gá nídìí ìlù! Má dá wọn lóhùn. Àwo náà tà káàkiri ayé, lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò rí i pé kò sí fóòmù Kugbo nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Tú wọn ká

Haruna Ishola àti àwọn ènìyàn rẹ̀ a máa jókòó pọ̀, etí ẹni kan lára ẹnì kejì, àpàlà yóò sì máa dún. Ishola yìí náà ló tún dá sítúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọ̀nà 24. Ìwọ ní ọ̀nà tó ju ìyẹn lọ nínú kọ̀ǹpútà, òfo ni gbogbo wọn, o sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún wọn. Nítorí náà, ẹni kan lọ́jọ́ kan.

Gúdúgúdú ni kí o kọ́kọ́ pè, kí ìyáàlù kẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìyáàlù ní í pe omele, tí omele ń dáhùn. Ìwọ gba ìdáhùn sílẹ̀ ná. Ìbéèrè á bá a níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọmọ tó ń lu gúdúgúdú bá béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni mò ń dá lóhùn?”, na ìka sí kọ̀ǹpútà. Fi ẹ́ẹ̀fóònù Bluetooth sí i létí, kí tík-tík-tík máa ka ìgbà fún un. Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ nínú Bluetooth, ó lè tó ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ṣe ń lù ú ni yóò máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹni tí ẹnì kan ń sín jẹ. Yóò lọ́ra kó lè bá a. Ohùn náà yóò tún lọ́ra. Má dá a dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ń yára jù.

Ìgbésẹ̀ keje: Kọ̀ǹpútà

Ìsinmi ni èyí. Tẹ bọ́tìnnì kan, kí gbogbo ìró ìlù tò sórí ìlà gbọọrọ. Èyí tó fẹ́ yọ síwájú díẹ̀ láti fi ta omele jí, fà á padà. Èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn, tì í. Lẹ́yìn náà gbé Auto-Tune lé ìyáàlù, kí o yan ohùn kan fún un. Ìlù tó ti ń fi òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ki ọba, tó ń fi yíyọ̀ láti òkè bọ́ sílẹ̀ pe orúkọ ènìyàn, yóò wá máa sọ ohun kan náà fún ọba àti fún ẹni tó ń ta súyà. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀ mọ́.

Bí ó bá ṣe bí ẹni pé ohun tó jáde kò dùn, kì í ṣe ìwọ lo jẹ̀bi. Pa ohùn àwọn onílù rẹ́ pátápátá, kí o lọ ra ohùn ìlù wa tí wọ́n ti dì sínú àpò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ti gbé àwo Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà láti 1960. Ó ti pẹ́ tí ìlù wa ti wà lọ́wọ́ òyìnbó. Ó yẹ ká máa rà á padà ní dọ́là. “Talking Drum 03” ni kí o mú. Kì í béèrè oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ orin yóò ṣì gbẹ. Rántí “Àyẹ̀wò Máìkì”. Ṣí i, kí o gbọ́ ọ. Ìwọ náà á rí i pé orí rẹ ń mì. A ò mọ ìdí rẹ̀, kò sì kàn wá. Gé gbólóhùn yẹn, fi bẹ̀rẹ̀ orin, fi parí rẹ̀, kí o sì tún un sọ láàárín nígbà 32.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àwọn ohun èlò yòókù

Ti agogo: ki máìkì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ti gòjé: bí ó bá ń dún bí ayùn, gbọ́ dáadáa, ó lè jẹ́ pé ayùn ni. Agídìgbo: wọ́n á jókòó lé e lórí, ó jọ àpótí. Gìtá kò ní wàhálà, ẹni tó ń ta á kì í sábà wá.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Jẹ́ kó ròkè

Àwọn àgbà ní ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Nígbà awọ ni wọ́n sọ ọ́. Ti kọ̀ǹpútà kì í ya, pupa ló máa ń pọ́n. Gbé e sókè títí gbogbo iná ibẹ̀ yóò fi pọ́n, kó sì dúró bẹ́ẹ̀. Fóònù ni kí o fi yẹ iṣẹ́ náà wò, torí fóònù ni àwọn ènìyàn fi ń gbọ́ orin. Ẹnu ẹ̀rọ fóònù kéré, kò lè pe ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù, ìwọ yóò sì rò pé kò sí níbẹ̀. Fi kún un. Tún fi kún un. Fi ránṣẹ́ sí ara rẹ lórí WhatsApp nígbà mélòó kan kí ó lè rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Owó àti orúkọ

Fún àwọn onílù ní owó ọkọ̀ dé Nyanya. Àwọn tó ń gbé ní Mararaba á fẹsẹ̀ rin ìyókù, ó dára fún eegun. Má kọ ìwé àdéhùn kankan. Ìwé a máa fa àríyànjiyàn. Lórí orin náà, kọ orúkọ rẹ sí iwájú “ìlù”, “àkójọ”, “ìmọ̀ ẹ̀rọ” àti “fóòmù”.

Ìgbésẹ̀ kọkànlá: Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀

Gba gbọ̀ngàn kan ní Karu. Pe àwọn àgbà ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Ọ̀ṣogbo tó wà ládùúgbò, kí wọ́n jókòó níwájú. Kọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè gíga, kí o sì tan orin náà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Tó bá fi di ìgbà kẹwàá, bàbá kan yóò ti bọ́ fìlà, yóò máa fi nu ojú. Ìyá kan yóò dìde, yóò ná owó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè lórí. Dọ̀bálẹ̀ fún un. Yóò fà ọ́ mọ́ra, yóò bi ọ́ pé ta lo ṣẹ̀ nínú ìdílé Àyàn, yóò sì sọ ohun tí ìlù náà ń wí sí ọ létí: òmùgọ̀ ní í ra fóòmù, ọlọ́gbọ́n a dí ẹnu ọ̀nà. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. O ti ń wá orúkọ tí wàá fún orin yìí láti ọjọ́ yìí. Lọ tẹ̀ ẹ́ sí ara àwo kí ilẹ̀ tó mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìpè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Onígbèéyàwó láti Lugbe, olóyè tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ní Kubwa, ẹnì kan tó ń pè láti Ìlọrin. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwọ. Bàbá tó lu gbólóhùn yẹn ni wọ́n ń wá. Má fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀. Sọ pé ìwọ ni máníjà rẹ̀, kí o jókòó sínú sítúdíò, kí o máa gbé ìpè. Bí ẹ̀rọ ìfági kò bá jẹ́ kí o gbọ́ iye tí wọ́n fẹ́ san, sọ fún wọn pé o ti gbà.